Ọmọ Ò Ṣeé Pín Bí Ìrẹsì

Bí èèyàn bá pẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó níbẹ̀. Èmi ti pẹ́ ní Ìbíní. Àwọn ológun ló ṣì ń ṣe ìjọba nígbà tí ọkọ mi kó wa dé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A gba yàrá méjì ní Oregbeni, mo sì gba ìsọ̀ kan ní New Benin, mo ń ta ike: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, ike ìpọnmi, àga oníke. Ọkọ mi kú, ìsọ̀ náà kò kú. Ọmọ mẹ́rin ni mo fi tọ́. Mo ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n ń fi Píjìn dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wa ṣáà ń yéra.

Àwọn kan á ní kí ló kan obìnrin tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ owó ogun. Ó kàn mí. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwa Yorùbá tó wà níhìn-ín ṣe ń ṣe òṣèlú, torí ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ ibi tó ti dùn mí.

Àlejò ni wá, a kì í du ipò. Ẹni tó bá ń du ipò ló máa ń wá bá wa. Á wá sí ìpàdé àwa Yorùbá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwa oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti dé, tí àwọn Mùsùlùmí inú wa náà bá ti kírun ọ̀sán. Á dúró láàárín wa, a ó sì máa bi í léèrè títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ. Bí a bá ti fẹnu kò, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ yan ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀, gbogbo wa á jáde, a ó lọ tò sẹ́yìn ẹni tí a mú. Títò ni wọ́n fi ń yàn án ní wọ́ọ̀dù tiwa. Àwọn tó ń du ipò á dúró síwájú, àwọn tó fẹ́ wọn á tò sẹ́yìn wọn nínú oòrùn, wọ́n á wá máa kà wọ́n lórí. Kò sí ibi tí èèyàn máa fi ojú pamọ́ sí. Ọ̀tá rẹ ń wò ọ́, onílé rẹ náà ń wò ọ́.

Òfin wa kejì ni pé a kì í gba nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohunkóhun tí olóṣèlú bá fún ẹnì kan nínú wa, gbogbo wa ló fún. Bí ìrẹsì bá dé, a ó fi agolo wọ̀n ọ́n, a ó pín in. Nígbà kan, wọ́n gbé fáànù kan lọ fún bàbá ìpàdé wa nílé, wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rù ú lórí wá, ó ń bú ọkọ rẹ̀ bọ̀ lójú títì.

"Ẹ gba fáànù yín o! Mi ò lè máa sùn nínú atẹ́gùn kí ojú máa tì mí bí ilẹ̀ bá mọ́."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé orí sókè. Àwọn tó kọ́kọ́ dé Ìbíní nínú wa ló gbé òfin náà kalẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti lè bá àlejò sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti rà á tán.

Èmi ni olórí obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù nígbà náà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí òjò bá ń rọ̀, èmi ni màá kan ilẹ̀kùn káàkiri. Bí ìyàwó ẹnì kan bá bímọ, èmi ni màá mú àwọn obìnrin lọ kí i. Ẹgbẹ́ náà dà bí ilé ọkọ lójú mi. Èèyàn lè bínú níbẹ̀, kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kẹ́rù.

Ìgbà yẹn ni lọ́yà kan dé sí ìpàdé wa. Ọmọ Ẹ̀dó ni lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ju ti àwọn ọmọ mi lọ fíìfíì. Ó fẹ́ lọ ṣe aṣòfin ní Àbújá. Bó ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

Bàbá káfíńtà, tó dàgbà jù nínú wa, ní, "Lọ́yà, aṣọ rẹ á dọ̀tí o."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó dọ̀tí. Ọṣẹ ń bẹ nílé."

"Ta ló máa fọ̀ ọ́? Ìwọ àbí ìyàwó rẹ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn le ju ti òṣèlú lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ló ti wọ̀ wá lọ́kàn. Nígbà tí ọjọ́ títò dé, ìlà rẹ̀ kọ́kọ́ kúrú. Ọmọ olówó kan ló du ipò náà pẹ̀lú rẹ̀, ìlà tiyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí a ti ń tò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo so ìró mi le, mo kó àwọn obìnrin jáde. A tò sẹ́yìn lọ́yà nínú oòrùn tó ń jó ni lágbárí, à ń kọrin, a ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi kà wá tán. Òun ló wọlé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Màmá. Nígbà tó borí nínú ìdìbò gbogbogbò tán, bó bá ti Àbújá dé, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìkóríta, á fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò wa, kí ó má bàa fi eruku bo àwọn tó jókòó síwájú ilé.

Ẹ̀yìn èyí ni ogun òkè àríwá wá le. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ti di ṣọ́jà nígbà náà, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀.

Aránṣọ kan wà tí ilé wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ará Ọ̀wọ̀ ni, opó bíi tèmi. Ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, mò ń pè é ní Àbúrò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ mi jọ ṣeré dàgbà ni, wọ́n jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà, ibi kan náà ni wọ́n sì gbé wọn lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Olúwa fún un. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á wá sílé mi. A ó gbé fóònù wa méjèèjì sórí tábìlì, a ó jókòó tì wọ́n. Èyí tó bá kọ́kọ́ dún, a ó jọ gbọ́ ọ.

"Màámi, ẹ kú ọjọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ ń jẹun?"

"À ń jẹ."

"Kí lẹ jẹ lónìí?"

Ọmọ mi á rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn."

Ọmọ Àbúrò ni kì í fi nǹkan pamọ́. Òun ló sọ fún wa pé owó oúnjẹ wọn kì í dé déédéé. Ó ní ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀ kò kárí wọn, ẹni tó bá ń lọ síwájú lọ́jọ́ kan ló ń gbé e wọ̀, bó bá dé á bọ́ ọ fún ẹlòmíràn. Àbúrò bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa pààrọ̀ wọn kí wọ́n wá sinmi nílé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ a sì ń gbọ́ lórí rédíò pé owó ń lọ sí ogun náà. Wọ́n á ná èyí tán, wọ́n á tún béèrè. Nígbà tó yá, ìjọba tún gbé owó ogun mìíràn lọ síwájú àwọn aṣòfin pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ní kí bàbá ìpàdé pe lọ́yà wá. Ó wá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní, "Lọ́yà, má fọwọ́ sí i. Ẹ dá owó náà dúró. Kí àwọn tó ná ti àkọ́kọ́ wá ṣàlàyé ibi tí wọ́n ná an sí, nítorí kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa."

Àbúrò dìde sí mi. Mi ò retí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ta ni ebi máa kọ́kọ́ pa? Ṣé ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ni, àbí ọmọ wa tó wà nínú igbó? Bí owó ò bá tó, díẹ̀ tó ń kán sí wọn lẹ́nu náà á gbẹ."

Bàbá káfíńtà ní, "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ọbẹ̀ mà kọ́ logun."

"Bàbá, ọbẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Ẹni tó ń sè é ń jẹ ẹran, ẹni tó ń fẹ́ná ń jẹ èéfín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ Àbúrò wọ àwọn kan lára. Ó wọ èmi náà lára. Ìyá wo ni kò ní rò ó pé owó tí òun ní kí wọ́n má san lè jẹ́ èyí tó máa ra ọta sí ọwọ́ ọmọ òun?

Lọ́yà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní ẹjọ́ àwa méjèèjì ló tọ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n sá fún ogun náà, ó ní ohun tí òun máa béèrè ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ya oúnjẹ àti ẹ̀wù àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kí wọ́n wá dá ìyókù dúró títí àwọn tó ń ná an á fi wá jíhìn. Bí wọn ò bá gbà, òun náà kò ní gbà. Àbúrò ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fara mọ́ ọn. Bàbá káfíńtà wá béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó gbà àti ẹni tí kò gbà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹnu la máa ń lò. Ẹni tó gbà á pariwo 'Áì', ẹni tí kò gbà á pariwo 'Néè'. Alága ilé á tẹ́tí sílẹ̀, èyí tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ló mókè."

"Ariwo? Ariwo lẹ fi ń pín owó Nàìjíríà?"

"Bàbá, bó ṣe wà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde pé òun kò fara mọ́ ohun tí alága gbọ́, ó lè ní kí wọ́n kà wá lórí. Nígbà náà, kálukú á dúró síbi tó dúró sí, gbogbo ayé á rí i." Ó kọjú sí mi. "Màmá, èmi máa dìde. Màá ní kí wọ́n kà wá bí ẹ ṣe jẹ́ kí wọ́n kà yín nítorí mi."

Ìdùnnú ọjọ́ náà ni mo bá sùn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù yà sí ìsọ̀ mi. Ọmọ Ẹ̀dó ni, kò gbọ́ Yorùbá, Píjìn la jọ ń sọ. Ó fa àga oníke kan kúrò nínú ọjà, ó jókòó.

"Mama, I hear say una tell Honourable make e no gree for that war money."

"Na true. Na we tell am."

"Order don come from up. All our people go gree. Person wey party carry for back no dey choose road, Mama."

"Na my pikin dey that war. No be party pikin."

Ó dìde, ó dá àga náà padà sáyè rẹ̀, ó ní, "No vex. Na message I carry."

Mo pe lọ́yà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi ni, kì í ṣe ẹnu ẹgbẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ owó náà, mo ti ìsọ̀ mi pa, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí òun ní tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò wá bá mi. Onígbàjámọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nítorí tiwa. A rí ilé ńlá yẹn, àwọn àga aláwọ̀ ewé, àwọn èèyàn nínú agbádá tó ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń retí oúnjẹ. Wọ́n ka ìwé kan lọ títí. Lẹ́yìn náà, alága ilé béèrè àwọn tó gbà.

"Áì!" Bí ìgbà tí òrùlé fẹ́ ṣí.

Ó béèrè àwọn tí kò gbà. "Néè," ohùn díẹ̀, ó dà bíi ti àwọn tí oorun ń kùn.

Ìgbà yẹn ni kámẹ́rà kọjá lórí lọ́yà. Ó jókòó. Ó fi ara ti àga, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ó ń mi orí. Alága gbá òòlù rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Onígbàjámọ̀ ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe lọ́yà yín nìyẹn?"

Àbúrò di apá mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ó ṣì máa dìde." Ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ afárá kan tó já ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó dì mí lápá mú títí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ afárá náà tán.

Lọ́yà wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ dúró ní ìkóríta, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní kó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló dìde.

Mo bi í pé, "Kí lo sọ, Áì àbí Néè?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ẹ ṣe rò ó."

"Bó ṣe rí kọ́ ni mo bi ọ́."

Ó wo ilẹ̀. "Mi ò la ẹnu, Màmá. Mi ò wí Áì, mi ò wí Néè. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, kò ní sí ẹni tí mo dà."

Ẹ wò ó, ká ní ó sọ pé òun pariwo Áì ni, ì bá sàn fún mi. Mo ní, "Nígbà tí à ń tò sẹ́yìn rẹ, ṣé ẹsẹ̀ wa lè dákẹ́? A ò lè wà níbẹ̀ ká má wà níbẹ̀."

"Wọ́n ní ẹni tó bá dìde kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ mọ́. Bí mi ò bá padà sílé aṣòfin, ta ló máa gbẹnu sọ fún yín?"

"Ta ló gbẹnu sọ fún wa nígbà tí o wà níbẹ̀?"

Ó sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun mọ ọ̀gá ṣọ́jà kan tó lè ṣe nǹkan fún òun. Wọ́n lè pe ọmọ mi kúrò lójú ogun, kí wọ́n dá a padà sí báráàkì níhìn-ín, ní Ìbíní, níbi tí mo ti lè máa gbé oúnjẹ lọ fún un.

Mi ò ní purọ́. Ara mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo fa àga, mo jókòó.

"Ti àbúrò mi ńkọ́? Wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lè ṣe fún mi, Màmá."

"Kí lo máa gbà lọ́wọ́ mi?"

"Kò sí o. Kí ẹ ṣáà bá mi kó àwọn obìnrin wa jọ nígbà tí a bá tún fẹ́ tò."

Mo ní kó lọ, màá pè é. Bó ṣe lọ tán, mo gba ilé Àbúrò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí lè bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀. Òfin wa ni. Ohun tí wọ́n bá fún ẹnì kan, gbogbo wa ni wọ́n fún. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa ní ìpàdé yẹn, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà gbé ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ ọ́ fún un láì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò gbọdọ̀ gbà á. Ká ní ìrẹsì ni, à bá pín in. Ọmọ ò ṣeé pín. Ohun tí kò bá ṣeé pín, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gbà á. Bó bá fẹ́ pe àwọn méjèèjì, kó pè wọ́n."

A di ọwọ́ ara wa mú, òun ló gbàdúrà. Mo pe lọ́yà níwájú rẹ̀, mo ní bí kò bá jẹ́ àwọn méjèèjì, kó fi sílẹ̀. Lọ́yà ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o."

Ní Àìkú tó tẹ̀lé e, Àbúrò kò wá. Ó ní aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí òun gbọ́dọ̀ rán tán. Ní èyí tó tún tẹ̀lé e, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un, ó gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ìpàdé wọ́ọ̀dù, mo dé, mo bá a ní ìjókòó iwájú. Alága dìde, ó ní ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mama fún iṣẹ́ rere tó ti ṣe, ó tó àkókò kí Mama sinmi, olórí obìnrin tuntun nìyí. Àbúrò ló dìde. Àwọn obìnrin tí mo ti kan ilẹ̀kùn wọn nínú òjò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn kan sì yíjú wò mí bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ipò ló wù ú. Mo ní nínú ọkàn mi pé, họ́wù, ká ní ó béèrè lọ́wọ́ mi, ǹ bá gbé e fún un.

Onígbàjámọ̀ ló là mí lójú. Ó ń gbá irun kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, ẹ kú oríire o! Ọmọ àbúrò yín ti dé báráàkì. Mo gẹ irun rẹ̀ lánàá. Tiyín náà á dé láìpẹ́ o."

Mi ò ti ìsọ̀. Mo gba kẹ̀kẹ́, mo bá Àbúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sá, kò sì ṣe bí ẹni pé kò mọ ohun tí mo bá wá.

Mo ní, "Ìwọ lo ní kí n má gbà á."

"Èmi ni."

"Ìwọ lo gbàdúrà."

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí mo gbà á ládùúrà, ó dá mi lójú. Nígbà tí ẹ lọ tán, kò dá mi lójú mọ́, mo pe lọ́yà." Ó gbé ojú sókè. "Ọmọ mẹ́rin lẹ ní. Ẹyọ kan ni èmi ní."

"Ṣé ikú máa ń ka ọmọ kó tó mú un?"

"Ẹ bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bínú dáadáa, ẹ jàre. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dé ilé lè fara da ìbínú."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ìsọ̀, mi ò rántí pé kẹ̀kẹ́ wà.

Ọjọ́ Àìkú, mo gbé fóònù mi sórí tábìlì lémi nìkan. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Àbúrò ni. Ó ti rù, eyín rẹ̀ ló kù. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan ilẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ mi mú.

"Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé, Màmá. Ìyá mi ti sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ bá ọnárébù sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú mi nítorí pé èmi nìkan ni wọ́n bí. Ọlọ́run á ṣe é fún yín."

Ẹ gbọ́ o. Ó gba ọmọ náà, ó gba ipò mi, ó tún wá fún mi ní ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Mo wo ẹ̀yìn orí ọmọ náà níbi tí onígbàjámọ̀ gé kù. Kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Mo bu oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún mi bí ọmọ mi ṣe ń ṣe. Ó ní ara rẹ̀ yá, pé ọmọ mi ló bá òun di ẹrù ọjọ́ tí òun ń bọ̀. Ẹnu èyí la wà tí fóònù fi dún.

"Màámi, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ń jẹun níwájú mi báyìí."

"Ẹ ṣé, Màámi. Ó sọ fún mi ohun tí ẹ ṣe." Mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́. "Màámi, èmi ńkọ́?"

Ọmọ àbúrò mi gbé ojú sókè kúrò nínú abọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Ìwọ náà ń bọ̀. Màá bá wọn sọ ọ́."

Bí ọmọ náà ṣe lọ tán, mo pe lọ́yà. Mo ti búra pé mi ò ní pè é mọ́. Ó gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, mo ti ń retí yín."

Mo ní kó bá mi pe ọmọ mi wálé. Mo ní bó bá jẹ́ títò ni, màá tò. Mo ní màá kó àwọn obìnrin wá, bí wọ́n bá ṣì ń gbọ́ tèmi.

"Màmá, ẹnì kan ni mo sọ fún yín. Wọ́n ti ṣe é fún mi."

Ọmọ mi padà wálé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn, ó pẹ́ sígbà náà. Ọta bà á ní itan, ó ń tiro díẹ̀ bí òtútù bá mú. Nígbà tó ń gbéyàwó, ọmọ àbúrò mi ló dúró tì í, òun ló bá a di okùn bàtà nítorí ẹsẹ̀ náà kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ó gbà pé ìyá òun yan ọmọ ẹlòmíràn, kò sì bi mí pé kí ló dé. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń pè mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú mọ́. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá sọ ọ́, màá gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ Àbúrò, màá sì gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tèmi. Bí wọ́n bá jọ wá kí mi, tí wọ́n ń fi Píjìn bú ara wọn, tí wọ́n ń du ẹran nínú abọ́ kan bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, èmi á máa wo ọmọ mi. Òun kì í wo ojú mi pẹ́.